Ẹ ṣọ́ra fún ọmọkùnrin tó ń kó èèyàn lọ wo igbó àti òkun l'Ékòó

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, mi ò fẹ́ kọ èyí rárá. Ojú ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń gbé e mì, àmọ́ lánàá mo rí i pé ọmọ náà tún ti gbé ìpolówó mìíràn síta. Wállàhi, n ó sọ ọ́.

₦255,000 ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ₦255,000! ₦85,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: èmi, àbúrò ọkọ mi, àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ọjọ́ mẹ́ta l'Ékòó, mọ́tò láti Gèrí Àlímì, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, igbó Lẹ́kí pẹ̀lú afárá orí igi, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí òkun Tarkwa Bay. Ọmọkùnrin tó kó wa lọ náà ní owó yẹn ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọmọ mi ti há a sórí pé afárá náà gùn ní mítà 401. Ó kọ 401 sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ó fi báírò pupa yí i ká.

Aago márùn-ún ìdájí ni ọmọkùnrin tó kó wa lọ yẹn ní ká péjọ. Ilẹ̀ ilé epo la ti kírun àsùbáà. Aago mẹ́wàá kọjá kí mọ́tò tó dé. Mo pè é, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Mọ́tò yọnu ní Ògbómọ̀ṣọ́: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Èkó. Ohun tó pè ní òtẹ́ẹ̀lì, yàrá kan ni fún àwa obìnrin mẹ́jọ, mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, fáànù tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìjókòó ni mo sùn. Èmi tí mo ní bẹ́ẹ̀dì tèmi ní Tánkẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́nu ọ̀nà Lẹ́kí, ó ní ká tò, ó ya fọ́tò wa, ó já tíkẹ́ẹ̀tì lé wa lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. A wọlé. Ibẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà gba orí àbàtà, abẹ́ igi tutù, ọ̀bọ kan bọ́ sílẹ̀, ó já kúlíkúlí gbà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi. A rẹ́rìn-ín títí.

A dé ẹsẹ̀ afárá, ẹni tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Mà, ti ìwọlé nìkan lẹ gbà. Ti afárá, ọ̀tọ̀ ni." Mo yí tíkẹ́ẹ̀tì náà síwá-sẹ́yìn. Ìwọlé nìkan! Mo pe ọmọ náà, ó dún, kò gbé e. Mo tún pè é, ó ti pa fóònù. Àwa mẹ́rìnlá dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Ọmọ mi gbójú sókè, ó ní, "Ìyá mi, ṣé 401 yẹn nìyí?" Mi ò lè dáhùn. Mọ́tò tó gbé wa wá ti bá tiẹ̀ lọ, ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ mi ni n ó fi wọkọ̀ padà sílé. Tarkwa Bay? A ò fojú kan òkun.

Ẹ má pè mí ní òmùgọ̀ o. Mo béèrè orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, ó fi lógò ránṣẹ́. Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé o mọ ilé ẹ̀?" mo ní ayé ti yí padà. Ayé ti yí padà lóòótọ́! Orúkọ obìnrin kan ló wà lórí àkáǹtì, mo rí i kedere, mo sì fi owó ránṣẹ́. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn méjì tí mo fà wá láti ẹgbẹ́ àṣàlátù wa. Wọ́n ṣì ń kí mi, àmọ́ ìkíni yẹn ti kúrú.

Ìmọ̀ràn? Owó Lẹ́kí, ẹ san án fúnra yín lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ ti afárá mọ́ ọn. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì tí kò jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́. Ẹ má san gbogbo ẹ̀ tán kí mọ́tò tó gbéra. Bó bá ṣe tèmi ni, olè ni gbogbo àwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù, títí dórí àwọn tó ń ta léèsì lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ fún mi lónìí.

Ìpolówó tuntun yẹn, omi Owu tó ń já wálẹ̀ látorí òkè ní Ìfẹ́lódùn níbí ni, ó ní fún ọdún Iléyá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú àwọn oníbàárà òun dùn. Ẹ wo fọ́tò tó fi sí i dáadáa: obìnrin tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé lápá òsì, tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìyẹn.