Tí ìlà méjì bá yí padà: ká ka gbogbo rẹ̀ ni, àbí ká tẹ̀ lé Zhu Xi?

Nínú Yijing, ìwé tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ fi ń ṣàyẹ̀wò bí a ṣe ń dá Ifá, àmì kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́fà. Ìlà tó bá ti gbó á yí padà: odindi á di gígé, gígé á di odindi, àmì kejì á sì jáde.

Ká ní Qian, àmì 1, ló jáde, tí ìlà kìíní àti ìkarùn-ún (ìsàlẹ̀ la ti ń kà á) yí padà. Ó di Ding, àmì 50, ìkòkò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ti ìlà kìíní sọ pé dírágónì ṣì fara pa mọ́, má ṣe nǹkan kan. Ti ìkarùn-ún sọ pé ó ti ń fò lójú ọ̀run. Wàhálà dé!

Àwọn kan á ka méjèèjì tẹ̀léra: ní sùúrù ná, ìgbà rẹ ń bọ̀. Ó dùn bí ìtàn, àmọ́ bí ìlà márùn-ún bá yí, ọ̀rọ̀ á dàrú. Zhu Xi (1130–1200), ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà, fi òfin sí i: bó bá jẹ́ méjì, ti òkè ló lágbára jù, bó bá jẹ́ mẹ́ta, ka ìdájọ́ (ọ̀rọ̀ tó wà fún odindi àmì) ti àmì méjèèjì.

Tó bá ti ju méjì lọ, Zhu Xi ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ méjì péré, mi ò lè gbójú fo dírágónì ìsàlẹ̀ yẹn.