Jáàkì Elépo Tó Há: Ìtúnṣe, Tuntun àti Àlòkù, Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Bí jáàkì elépo bá há, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó ni ín: kí ó ra síìlì (àwọn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò) àti epo láti fi tún un ṣe, kí ó ra jáàkì tuntun, tàbí kí ó wá àlòkù. Ibi tí mo dúró sí nìyí: bí ọ̀pá ńlá tó ń gbé ẹrù bá ṣì ń dán, tí kò tẹ̀, tí ara jáàkì kò sì sán, ìtúnṣe ló dára jù. Bí ọ̀pá yẹn bá ti bàjẹ́, tuntun ni kí ẹ rà. Àlòkù ni mo fi sí ìkẹyìn, àyàfi tí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ kí ẹ dán an wò lábẹ́ ẹrù.

Ìdí tí ti àtijọ́ fi ṣeé tún ṣe

Bí jáàkì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí Joseph Bramah ti gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ olómi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1795, tí Richard Dudgeon náà sì gba tirẹ̀ lórí èyí tó ṣeé gbé kiri ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1851. Ọ̀pá kékeré tí ọwọ́ jáàkì ń tẹ̀ ló ń ti epo lọ sábẹ́ ọ̀pá ńlá. Ìtẹ̀ inú epo máa ń dọ́gba níbi gbogbo, nítorí náà, bí ojú abẹ́ ọ̀pá ńlá bá fẹ̀ tó ìlọ́po 20 ti kékeré, agbára tó máa jáde yóò tó ìlọ́po 20. Àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń ṣọ́ ọ̀nà: ọ̀kan ń jẹ́ kí epo wọlé láti inú táǹkì, èkejì kì í jẹ́ kí epo tó ti dé abẹ́ ọ̀pá ńlá padà sẹ́yìn. Fáàfù tí ẹ máa ń tú nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ẹrù sọ̀kalẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà àbọ̀ fún epo náà.

Nínú gbogbo wọn, rọ́bà ló máa ń tètè gbó. Irin jáàkì nípọn, inú epo ló sì ń gbé. Ìdí nìyẹn tí jáàkì tó ti pẹ́ gan-an fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹ bá fọ inú rẹ̀ mọ́, tí ẹ pààrọ̀ síìlì, tí ẹ sì da epo tuntun sí i.

Ṣé ó há lóòótọ́?

Ìbéèrè yìí lè má jẹ́ kí ẹ ra ohunkóhun rárá. Jáàkì onírísí ìgò, èyí tó ń dúró lóòró, kì í sábà ní sípíríǹgì tó ń fà á padà. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lè dúró sókè bí ẹ tilẹ̀ tú fáàfù, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni. Jáàkì gbọọrọ oníkẹ̀kẹ́, tí à ń tì wọ abẹ́ ọkọ̀, ní sípíríǹgì tirẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá kọ̀ láti wálẹ̀, ẹ wo sípíríǹgì náà bóyá ó ti já tàbí ó ti yọ, kí ẹ sì wò ó bóyá ìsopọ̀ tó ń yí fáàfù ṣì ń yí i dé ibi tó yẹ.

Èyí tó bá ń gòkè díẹ̀ tó sì ń dúró lè jẹ́ pé epo rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀ bíi kànrìnkàn nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀, bóyá torí pé wọ́n fi dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e kiri. Ẹ tú fáàfù, kí ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí ẹrù, kí ẹ tì í, kí ẹ tún un dán wò. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó wo ìwọ̀n epo. Nínú ọ̀pọ̀ jáàkì onírísí ìgò, epo máa ń dé etí ihò tí à ń gbà dà á sí i. Bí ẹ bá dà á ní àdàjù, ó lè máa jò, ìyẹn náà kì í sì í ṣe síìlì.

Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ ló há sí, ẹ má lu ú, ẹ má sì fa á. Ẹ gbé jáàkì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi gba ẹrù náà, kí ẹ ti sítáńdì irin sábẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yọ èyí tó há. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki orí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ

Jáàkì tó ń gbé ẹrù sókè ṣùgbọ́n tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìtúnṣe. Ìdọ̀tí ló bọ́ sábẹ́ bọ́ọ̀lù irin, tàbí fáàfù ò tì dáadáa, tàbí síìlì ọ̀pá ńlá ti gbó. Bí ọwọ́ jáàkì bá ń dìde fúnra rẹ̀ lábẹ́ ẹrù, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó dí ọ̀nà àbọ̀ epo ni kò jókòó dáadáa. Ìyẹn náà ṣeé tún ṣe. Epo tó ń yọ lára ọ̀pá kékeré kò tilẹ̀ ju òrùka rọ́bà kan lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ọ̀pá ńlá. Ẹ fà á jáde dáadáa, kí ẹ nù ún, kí ẹ fi èékánná yí i ká. Ìdógùn-ún orí awọ lásán ṣeé fi sándípépà oníyanrin wẹ́wẹ́ àti epo rọra yọ. Ṣùgbọ́n bí èékánná yín bá ń kọ́ sí ihò wẹ́wẹ́, síìlì tuntun tí ẹ bá fi sí i, ihò yẹn ni yóò gé e. Owó síìlì ti dànù nìyẹn. Ọ̀pá tó tẹ̀ kò ṣeé nà padà. Jáàkì tó sán kò sì yẹ kí wẹ́dà fọwọ́ kàn: iná ń sọ irin di aláìlera ní ibi tí ìtẹ̀ epo ti pọ̀ jù.

Bí ẹ bá yan ìtúnṣe: ohun tí ẹ ó rà

Ẹ ó ra odidi àkójọ síìlì tó bá jáàkì yín mu, àti epo. Nọ́ńbà àwòṣe wà lára bébà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà lára jáàkì. Bí ó bá ti parẹ́, ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tí à ń fi wọn ohun kékeré) wọn yàrá tí síìlì ń jókòó sí, ẹ má gbára lé síìlì àtijọ́ nìkan, torí ó lè ti wú tàbí kó ti rù. Bí àwọn méjì bá jọra lójú, tí ọ̀kan fi ìdá kékeré nínú mílímítà kan tóbi ju èkejì lọ, ọ̀kan yóò jò.

Epo jáàkì ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ ISO VG 22 tàbí 32 sí (nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe nípọn tó) ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé jáàkì yín ló ní àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo bíréèkì sí i. Rọ́bà inú jáàkì bá epo tó wá láti inú epo rọ̀bì mu. Ọ̀pọ̀ epo bíréèkì kì í ṣe irú rẹ̀, ó ń mú kí rọ́bà wú, kí ó sì rà. Mo rò pé èyí ló ń pa jáàkì àtijọ́ ju ẹrù tó wúwo lọ, torí ẹni tó dà á sí i máa ń rí i tó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Epo ẹ́ńjìnnì náà kò yẹ, ó nípọn jù, ó sì ní èròjà tí kò bá iṣẹ́ yìí mu. Bí epo tó jáde bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ ó sì ní láti fọ gbogbo ọ̀nà epo kí ẹ tó da tuntun sí i.

Wàhálà gidi wà níbi nọ́ọ̀tì ńlá tó dé orí jáàkì. Ẹ tú fáàfù kí ìtẹ̀ kankan má ṣẹ́kù, kí ẹ da epo kúrò, kí ẹ fi fáìsì di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fi epo tó ń tú irin tó dógùn-ún rẹ nọ́ọ̀tì náà mọ́jú, kí ẹ wá lo súpánà tó gùn. Ẹ má fi iná yan án. Bí ẹ bá ń tú u, ẹ ya àwòrán ibi tí bọ́ọ̀lù irin kọ̀ọ̀kan ti jáde, torí wọn kì í sábà dọ́gba. Fáàfù kan wà tí ilé iṣẹ́ ti dè kí jáàkì má bàa gbé ju agbára rẹ̀ lọ: ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, epo tó ń jáde pẹ̀lú ìtẹ̀ ńlá lè gún awọ wọlé.

Ní ti owó, bí síìlì, epo àti owó iṣẹ́ bá ju ìdajì owó tuntun tó ní agbára kan náà lọ, èmi á ra tuntun. Jáàkì ńlá ti ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ni mo máa ń yọ sílẹ̀ nínú òfin yẹn, torí irin rẹ̀ sábà máa ń tó owó tí ẹ bá ná lé e.

Bí ẹ bá yan tuntun

Onírísí ìgò lágbára púpọ̀ fún bó ṣe kéré tó. Ẹ lè rí láti tọ́ọ̀nù 2 dé 20, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ga kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀, nítorí náà kò wọ abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Oníkẹ̀kẹ́ ń wọ ibi tó rẹlẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó sì yára, àmọ́ ó wúwo láti gbé sínú ọkọ̀. Ẹni tó ní ibi iṣẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, oníkẹ̀kẹ́ ni kó rà. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ ńlá tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, onírísí ìgò. Jáàkì onískúrù, tí à ń yí kó lè gòkè, tí kò ní epo nínú, kì í jò, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, pàjáwìrì nìkan ló wà fún.

Kí ẹ tó rà, ẹ wọn àlàfo abẹ́ ọkọ̀ yín nígbà tí táyà kan kò ní afẹ́fẹ́, torí ìgbà tí ẹ ó nílò jáàkì nìyẹn. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ó bá òṣùwọ̀n ASME PALD (ti Amẹ́ríkà) tàbí EN 1494 (ti Yúróòpù) fún jáàkì mu. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá síìlì rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ tó bá jò ni ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ fi ìyẹn hàn.

Àlòkù

Ọ̀dà tuntun lára jáàkì àtijọ́ máa ń dà mí láàmú, torí ó lè bo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀pá rẹ̀ jáde tán, kí ẹ wò ó yíká. Ẹ ní kí wọ́n fi gbé ohun tó wúwo, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrò níbi àmì náà, owó síìlì ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye tí wọ́n pè, bí ọ̀pá rẹ̀ bá dára. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ fún yín láti dán an wò, ẹ fi sílẹ̀.

Ìdánwò kan náà ni kí ẹ ṣe fún èyí tí ẹ tún ṣe fúnra yín: ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó wúwo, pẹ̀lú sítáńdì irin nísàlẹ̀. Bí ẹ bá máa gbé e pamọ́, kí ó dúró lóòró, kí ọ̀pá rẹ̀ sì wọlé tán, kí ọ̀rinrin má bàa ríbi bà lé.