Olùkọ́ tuntun: sẹ́mínà ni àbí àgbà olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀pẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́: kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola ní Noforija, tó di ara LASUED, yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí lọ́tọ̀, kíláàsì lọ́tọ̀.

Sẹ́mínà dára fún òfin iṣẹ́, ètò ẹ̀kọ́ àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN (àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà), torí ẹnì kan lè là á yé ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a fi olùkọ́ tuntun sọ́wọ́ àgbà olùkọ́ nílé-ìwé kan náà ni mo fara mọ́ jù. Ìyá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á rí i pé pátákó ni olùkọ́ ń bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò sì gbọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ṣe tán, á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ọmọ mi, kọ ọ́ tán ná. Tó o bá wá ń sọ̀rọ̀, ojú wọn ni kó o máa wò." Sẹ́mínà wo ló máa rí ìyẹn?

Àmọ́ ó ń gba àkókò. Kí ọ̀gá ilé-ìwé dín iye kíláàsì tí àgbà náà ń kọ́ kù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ó máa sú u kí táàmù tó parí.