StoryGraph: ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ìwé tí mi ò tíì kà tán

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń lo StoryGraph, áàpù táwọn òǹkàwé fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé tí wọ́n ń kà, tí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa ẹ̀, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí èmi àtàwọn èèyàn mi ka ìwé kan tán pọ̀ lórí ẹ̀ ni mo wá sọ pé rárá, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara dà á.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Èmi tí ẹ rí yìí, tí mo bá ń kàwé, ẹnu mi kì í dákẹ́. Tí mo bá kan ibi tó dùn tàbí ibi tó bí mi nínú, ìsinsìnyí ni mo fẹ́ rí ẹni sọ ọ́ fún, kì í ṣe ìgbà tí mo bá kà á tán, torí tí mo bá fi máa kà á tán, inú tó bí mi yẹn ti rọlẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó fà á mọ́. Níbi tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, ojú mi rí nǹkan. Mo wà ní pẹ́ẹ̀jì 90 ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, ìwé yẹn ń dùn mọ́ mi bí nǹkan míì, mo ní kí n yọjú wo ohun táwọn tó kù ń sọ, ẹnì kan sì ti kọ ọ́ gbàgàdà sí ìlà àkọ́kọ́ pé lágbájá ló pààyàn. Ó dùn mí gan-an. Mo gbìyànjú láti máa kà á lọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá ti yọjú, ojú apààyàn ni mo fi ń wò ó, gbogbo ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé ń dá láti fi tàn wá ò tàn mí mọ́. Mo pa ìwé náà dé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yọwọ́ nínú kí n máa sọ̀rọ̀ ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́, mi ò wo ti ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ tèmi.

Àbúrò mi obìnrin ló fi ohun tí wọ́n ń pè ní Buddy Read hàn mí lórí StoryGraph. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ẹ mú ìwé kan, ẹnì kan á ṣí i, á wá pe àwọn tí ẹ jọ fẹ́ kà á wọlé. Bí o bá ṣe ń kà á lọ, o ń sọ ibi tí o dé fún áàpù náà, tí ọ̀rọ̀ kan bá wá wà lọ́kàn ẹ, o kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ò tíì dé ibi tí o dé ò ní lè ka ohun tí o kọ, ó kàn máa rí i pé ẹnì kan ti sọ nǹkan sí iwájú, ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa mọ́ ọn, ìgbà tóun náà bá dé ibẹ̀ ló máa ṣí. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ èmi ò mọ̀ pé ohun kékeré báyìí lè dá ẹnu mi padà fún mi.

Ìwé tá a kà tán lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, ìtàn àròsọ ni, ó lé ní 400 pẹ́ẹ̀jì, ẹni mẹ́ta la jọ kà á, èmi, àbúrò mi yìí àti ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ìtàn náà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ni owó gbogbo ilé wà, àwọn àbúrò ẹ̀ ń jìyà, kò fún wọn ní kọ́bọ̀, kò sì ṣàlàyé. Ní 20% ìwé náà mo ti bú u yán-án-yán-án. Mo kọ ọ́ pé ahun ni, ìkà ni, tí òǹkọ̀wé bá lọ jẹ́ kí ọkùnrin yìí jẹ gbẹ̀yìn re, màá binú. Ọ̀rẹ́ mi ti ṣíwájú mi, ó rí ohun tí mo kọ, kò dá mi lóhùn rárá, ó kàn kọ tiẹ̀ sí 35%. Nígbà tí mo débẹ̀ tó ṣí, ohun tó kọ ò ju “ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn dáadáa tó bá ti kan ọ̀rọ̀ bàbá wọn” lọ. Mi ò kà á sí. Mo ń bú èèyàn mi lọ.

Ìgbà tí mo dé nǹkan bíi 70% ni àṣírí tú. Gbèsè bàbá wọn ni ọkùnrin yìí ti ń san láti ọdún yìí wá, kò fẹ́ káwọn àbúrò ẹ̀ mọ irú ẹni tí bàbá wọn jẹ́, ó wá fara mọ́ ọn pé kí wọ́n kórìíra òun. Mo sunkún o. Mo wá pa dà lọ ka gbogbo ohun tí mo ti kọ, láti 20% títí débẹ̀, ojú tì mí, ọwọ́ mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kí n tó rò ó wò. Kí ló dé tí màá fi pa á rẹ́? Òǹkọ̀wé ló fẹ́ kí n bú u! Ó fọgbọ́n kọ gbogbo 280 pẹ́ẹ̀jì yẹn kí n lè bú u. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mo kà á tán ni mo tó kọ èrò mi, ohun tí màá kọ ni pé ẹ̀gbọ́n yẹn wù mí gan-an, èèyàn dáadáa ni, kò sì sẹ́ni tó máa mọ irú ọ̀nà tí mo gbà kí n tó débẹ̀, èmi alára ò ní rántí. Èrò tèèyàn ní ní ìdajì ìwé àti èyí tó ní nígbẹ̀yìn, méjì ni wọ́n, mo sì fẹ́ tọ́jú méjèèjì.

Ibi tó wá dùn jù ni pé àbúrò mi ò gbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n yẹn ò tíì kúrò ní ìkà, pé ẹni tó bá ń gbé ẹrù ẹ fún ẹ tí kò sì sọ fún ẹ, ó ti gba ẹ̀tọ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ, pé àwọn àbúrò yẹn ì bá ti bá a gbé e ká ní ó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fi ẹkún ka ìwé. Odindi ọjọ́ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi ò tilẹ̀ sọ tẹ̀ẹ́kan, ó kàn ń fi ọkàn pupa sí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Títí di báyìí mo ṣì ń ro ohun tí àbúrò mi sọ. Ìwé tí mo dá kà kì í pẹ́ lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan míì tí mo fẹ́ràn níbẹ̀: tí o bá fẹ́ fún ìwé ní ìràwọ̀, wọ́n jẹ́ kó o pín in sí ìdámẹ́rin, ìyẹn ni pé o lè fún un ní 3.75 tàbí 4.25. Ìwé ẹ̀gbọ́n yẹn, 4.5 ni mo fún un, àbúrò mi fún un ní 3.75, ìràwọ̀ gbáko ì bá ti sọ àwa méjèèjì di ọ̀kan náà. Wọ́n tún máa ń bi ẹ́ pé báwo ni ìwé náà ṣe rí lára, ṣé ó bani nínú jẹ́, ṣé ó ń múni ronú, ṣé ó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣé ó ń sáré àbí ó ń falẹ̀, ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń gbé e lọ àbí àwọn èèyàn inú ẹ̀. Ìbéèrè yẹn máa ń ran ẹni tí ò mọ ohun tó máa kọ ju “ó dùn” lọ lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀, táwọn tó ti ka ìwé ti sọ bóyá ikú ọmọdé tàbí ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ẹ̀, ẹni tọ́gbẹ́ ẹ̀ ṣì tutù á lè mọ̀ kó tó ṣí i. O sì lè sọ pé o ò ka ìwé kan tán, wọ́n ní àyè tiẹ̀ fún un. Ti àwọn àtẹ aláwọ̀ mèremère tó ń sọ iye tó o kà, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe wà níbẹ̀.

Nadia Odunayo ló dá StoryGraph sílẹ̀ lọ́dún 2019, orúkọ yẹn sì mú orí mi wú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá ti wà lórí Goodreads tẹ́lẹ̀, ìkànnì àwọn òǹkàwé míì tó ti wà láti 2007 tí Amazon sì rà ní 2013, lè kó àwọn ìwé ẹ̀ látibẹ̀ wá, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá kúrò níbẹ̀ o, tó bá jẹ́ èrò ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí o ò mọ̀ rí lo fẹ́ kà, èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹnu kò lórí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ máa ka ibi tẹ́ ẹ dé. Pẹ́ẹ̀jì 150 nínú ìwé tèmi lè má jẹ́ pẹ́ẹ̀jì 150 nínú tìrẹ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì tún jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ìwé létí, wákàtí àti ìṣẹ́jú ló ń kà. Àwa wá ní % ni gbogbo wa á máa lò. Ẹ má sì pọ̀ jù, ẹni méjì sí mẹ́rin tó. Ẹ má sì purọ́ ibi tẹ́ ẹ dé, torí ẹni tó bá sọ pé òun ti dé 100% nígbà tó ṣì wà ní 40%, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ṣí sí i lójú, ara ẹ̀ ló sì tàn.

A ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn lánàá. Mo wà ní 11%, àbúrò mi sì ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ dè mí níwájú, mẹ́rin tó wà ní títì pa yẹn, èyí tó sún mọ́ mi jù wà ní 14%. Mo ń lọ.