Orin Kérésì tí mo rà fún Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Èmi àti àbúrò mi di Bàbá wa mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a gbé wọn dìde lórí àga. Àwọn ló ní ká gbé àwọn dìde, torí orin Hallelujah ti Handel ti bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò, ẹni tó bá sì ti wọ aṣọ akọrin rí mọ̀ pé a kì í jókòó gbọ́ ọ. Ìka méjì ni wọ́n fi ń ka orin náà lókè, ètè wọn ń bá ohùn ténọ̀ lọ. Ni ìró ìbọn bá dún nínú rédíò. Ohùn ọkùnrin kan já lu àárín orin, ó pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ka nọ́ńbà fóònù, ó ní kí ẹni tó bá ní òde wá gbé òun. Ìka Bàbá dúró lókè níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní àwọn tó bá wa ṣa orin ni.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó."

Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi lọ sùn.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ò ríran kàwé mọ́, ìwé orin wọn kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ni. Etí wọn ló ṣì mú bí ti ọ̀dọ́. Ohun tí wọ́n ń retí nínú Kérésì kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe aṣọ. Orin ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, ní àárín oṣù náà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn á bá èèyàn yan orin tó bá a mu: orin 60, ₦3,500. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún ọmọbìnrin tó wà ní káńtà: Handel, orin Kérésì inú ìwé orin Yorùbá, Boney M. díẹ̀, àti CAC Good Women Choir. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Mọ́mì." Kò kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Mo rí i pé kò kọ ọ́, mo sì sanwó.

Ní òru ọjọ́ 24 yẹn, mo jókòó ti rédíò, mo rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ka orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 60, orin 14 ló jẹ́ àtúnsọ, ìyẹn ni pé orin kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́sàn-án kì í ṣe orin Kérésì rárá, orin ijó òde ni. Orin inú ìwé orin Yorùbá kò sí níbẹ̀, kódà ẹyọ kan. Ọkùnrin oníbọn yẹn sì wà nínú orin 31. Mo pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà nígbà 11 láàárín ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Ní ọjọ́ 27, mo wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló wà ní káńtà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ki fláàṣì sínú ẹ̀rọ wọn, mo ní kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, DJ wa nìyẹn. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an." Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ jáde. Ọ̀gá wà lórí fóònù, mo dúró fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Nígbà tó jáde, kò kí mi kú ọdún, kò kí mi kú ìyèdún, kò ní kí n jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Màdáámù, orin tí a bá ti dà, a ti dà á. A kì í dá owó padà." Mo sọ fún un pé bàbá àgbàlagbà kan dìde dúró nítorí orin yẹn. Ó ní ṣé òun ló ní kí wọ́n dìde ni. Ó padà sínú yàrá rẹ̀.

Ká ní mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí ní ìṣẹ́jú yẹn, ìlà mẹ́ta ni ì bá jẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìn, nídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kọ́rùn. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Irú rédíò wo ni Bàbá ń lò?" Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo júwe rẹ̀: rédíò kékeré alámùúrìn, èyí tó ní ihò fláàṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú ìwé ogójì kan, ó sì ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Ohùn wo ni Bàbá ń kọ? Ìlú wo ni wọ́n ti dàgbà? Ṣé orin máa ń gbé wọn sùn ni, àbí ó máa ń jí wọn? Kí ni wọn kì í fẹ́ gbọ́? Mo ní wọn kì í fẹ́ ìlù tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Orin àkọ́kọ́ tó mú wá kì í ṣe orin Kérésì, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó sọ ọ́. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé Ẹ̀gbá ni Bàbá, kí a fi Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ṣíde. Ọdún 1922 ni àlùfáà yìí kọ orin 43 sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Òun ló bí bàbá Fela. Mo mọ orúkọ náà, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láyé mi. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí mi létí. Àwo náà ń dún ṣaaa bí ẹ̀pà inú iyanrìn gbígbóná, ohùn àlùfáà náà sì ń ti inú rẹ̀ bọ̀, Yorùbá tó ṣe kedere. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wá jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dé orí Kérésì gan-an. Ó ní kí n má fi Boney M. ṣáájú. Gbogbo ilé ló ń lo ti Boney M., àwọn tí wọ́n kọ Mary's Boy Child jáde ní Jámánì lọ́dún 1978, èmi náà sì gbọ́ ọ dàgbà. Ó ní Harry Belafonte ti kọ orin yẹn lọ́dún 1956, ohùn rẹ̀ rọra ń lọ, ọ̀rọ̀ hàn ketekete, kò sí ìlù tó ń sáré. Ó ní kí n fi ti Belafonte sí àárọ̀, kí n fi ti Boney M. sí ìgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ bá kún ilé. Òótọ́ ló sọ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni Betelehemu. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ló gbé orin Yorùbá yìí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní ìlú Atlanta, níbi tó ti parí ẹ̀kọ́ lọ́dún 1954. Wendell Whalum tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin wọn tò ó fún ohùn ọkùnrin, ó sì ti di ara orin tí wọ́n ń kọ ní Kérésì níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn ò sọ Yorùbá rí, tí wọ́n ń fi ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè pe Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ́nà tiwa.

Ó tún yan orin Kérésì mẹ́fà nínú ìwé orin Yorùbá, ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú dùùrù, kò sí nǹkan míì. Good Women Choir ńkọ́? Mo ní CD wọn lọ́wọ́, ojúlówó tí mo fowó ra, ìyẹn ló sì dà. Ó ní kí n má fi Ọdún ń lọ sópin sí alẹ́ Kérésì, pé orin ọjọ́ 31 ni, tí mo bá ti gbọ́ ọ ṣáájú, kò ní dùn tó mọ́. Mi ò bá a jiyàn.

Ó wá kan Hallelujah. Mẹ́rin ló mú jáde. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, ó sì gbọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fò ó, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ó ju èkejì nù torí ẹnìkan húkọ́ níbi tí orin ti dákẹ́ kí ó tó parí.

Ó pa gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì rẹ́, ó tún un tò sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí fláàṣì fi ń to nǹkan sínú ara rẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀ rédíò kékeré ni kì í ka irú míì. Ó da orin náà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kọ. Orin 38 ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe 60. Ó ní 60 pọ̀ jù fún ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Ó gba wákàtí kan ààbọ̀.

Ọ̀gá tún jáde. Ó gbá tábìlì, ó bi ọmọ náà bóyá oníbàárà kan ṣoṣo ló wà láyé. Ó ní kí n san ₦1,500 fún "àtúnṣe". Mo san án kí ó má bàa di ẹjọ́ sí ọmọ náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí di òní. Àwọn ló bàjẹ́, èmi ni mo sanwó àtúnṣe. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì, wọn ò bẹ̀ mí. Mo fún ọmọkùnrin náà ní ₦1,000 lọ́wọ́, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà á.

Alẹ́ ọjọ́ 28 ni a tún tan rédíò. Nígbà tí Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀, Bàbá na ọwọ́ pé kí a dákẹ́. Wọ́n ní bàbá tó bí àwọn máa ń kọ èyí nígbà tó bá ń lọ sóko. Nígbà tó kan Betelehemu, wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni àwọn wọ̀nyí. Mo ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn fún ọdún mélòó kan: nípa T. K. Ekundayo Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, tó ń tẹnu mọ́ ọn pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, nítorí bí orin bá gbé ìparí ọkọ̀ sókè, ó di ọkọ́, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi á wá gun ọkọ́ lọ. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí dúró sórí ohùn rẹ̀. Tún un kọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ.

A gbé wọn dìde fún Hallelujah. Ó lọ dópin. Níbi tí orin ti dákẹ́ yẹn, ìka méjì yẹn dúró lókè fúnra wọn, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìkẹyìn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ti ọ̀gá àti pátákó rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà títí wọ́n á fi dá ₦1,500 mi padà. Tí ẹ bá lọ, ẹ má bá ẹni tó wà ní káńtà sọ̀rọ̀. Ẹ kọjá sí ẹ̀yìn, ẹ béèrè ọmọkùnrin tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ogójì, kí ẹ sì ti mọ irú rédíò tí ẹni yín ń lò kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi á padà lọ nínú oṣù Kọkànlá, kí èrò tó pọ̀. Bàbá ti ní kí n béèrè orin Ransome-Kuti tó kù.