Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta àwòrán Davos: ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ló yà á

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Switzerland, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọdá láti Jámánì wá ra nǹkan lọ́jà àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Ọkùnrin kan ń káàkiri àwọn ọjà ọjọ́ Sátidé. Àwòrán abúlé orí òkè nígbà ooru ló ń tà, ó ní ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi yà á láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Irọ́ ni. Ó ti gba 1,400 faranki lọ́wọ́ mi.

Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan lápá Davos, ìlú kan tó wà lórí òkè ní Switzerland níbí. Màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í yéé bi mí pé báwo nibi tí mò ń gbé ṣe rí nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán, fọ́tò tí mò ń fi ránṣẹ́ kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí mo rí àwòrán yìí, ọkàn mi fà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ilé onígi, ṣọ́ọ̀ṣì tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ọ̀nà tó pupa rẹ́súrẹ́sú, koríko tútù yọ̀yọ̀, òkè aláwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Ernst Ludwig Kirchner á ti dá àwọn àwọ̀ wọ̀nyẹn mọ̀. Ayàwòrán ọmọ Jámánì ni Kirchner. Ní 1917 ló kọ́kọ́ gbé àìsàn tó kó níbi iṣẹ́ ológun wá sí Davos, agbègbè náà ló sì fi ṣe ilé títí tó fi kú ní 1938. Àwòrán tó pè ní Davos im Sommer (Davos nígbà ooru), tó yà ní 1925, wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Davos níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó.

Ọkùnrin yìí kò sọ pé Kirchner ló ya ti òun o. Ó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Albert Müller ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ìlú Basel tó sún mọ́ Kirchner, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Rot-Blau (Pupa àti Búlúù) sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí 1924 di 1925. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ó nawọ́ sí igun ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ “A. Müller 1928” sí. Mo sanwó. Ilé ni mo dé kí n tó wo ìtàn Müller dáadáa: oṣù Kejìlá 1926 ló kú. Ẹni tó kú ní 1926 kò lè ya àwòrán ní 1928.

Àyà mi já. Mo gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Nínú iṣẹ́ ọ̀dà olóròóró gidi, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá gbà ni àwọ̀ ń gbà. Tí wọ́n bá fa àwọ̀ àlùkò wálẹ̀ létí òkè, ìlà tó wú sókè á bá a wálẹ̀, ibi tí àwọ̀ bá sì dúró sí lòun náà á dúró. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó la òrùlé kọjá, ó wọ ojú ọ̀run lọ, kò yà, kò dúró, àwọ̀ mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan tó mọ́ gaara bíi gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì pa lórí aṣọ tí ẹ̀rọ ti tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe yá mi ní awò tó fi ń wo inú aago. Lábẹ́ awò yẹn, òkè aláwọ̀ àlùkò kò sí mọ́: àmì tíntìntín ni mo rí, búlúù àti pupa, tí wọ́n fọ́n ká bí iyanrìn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ burú jùyẹn lọ. Ọkùnrin náà ti lẹ bébà pa á, ó ní kí eruku má bàa wọlé ni, kò sì gbà kí n ṣí i lọ́jà. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Bern wá gbé e kó tó di ọ̀sán. Nígbà tí mo ya bébà náà kúrò, waya tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń di bébà pọ̀ ní ọ́fíìsì ni wọ́n fi kan kánfáàsì mọ́ igi, bẹ́ẹ̀ ìṣó kéékèèké ni wọ́n ń lò láyé Müller. Aṣọ náà ti rí bíi pé wọ́n da tíì sí i, ṣùgbọ́n igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bíi pé àná ni wọ́n là á.

Ó jọ pé àwòrán Kirchner ni wọ́n tẹ̀. Kirchner ti kú ju àádọ́rin ọdún lọ, nítorí náà ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí àwòrán rẹ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ tà. Títẹ̀ ẹ́ kọ́ ni mò ń bínú sí. Pípè é ní ohun tí kì í ṣe ni. Ọkùnrin náà sì mọ ohun tó ń ṣe, torí “Dekorationsbild” ló kọ sórí rìsíìtì mi, ìyẹn àwòrán tí wọ́n kàn fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, kò kọ orúkọ, kò kọ ọdún. Mi ò kà á kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ má rò pé àìmọ̀wé ló ń fa èyí. Wolfgang Beltracchi, ọmọ Jámánì tó ń ya ayédèrú àwòrán, tan àwọn ọ̀mọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dà funfun tí wọn ò tíì máa lò ní 1914, ọdún tó kọ sí àwòrán kan, ló tú u fó, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 6 ní 2011.

Tó bá ti mú yín ná, ẹ yára. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n tàn yín, ọdún 1 lẹ ní láti sọ fún un pé ẹ ò gba ọjà náà mọ́. Lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á sì fún yín ní rìsíìtì rẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Mo ti kọ tèmi, mo sì ti lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá.

Ó ju ẹni 50 ọdún lọ, ó máa ń sọ Faransé àti Jámánì, àwòrán 3 tàbí 4 ló máa ń gbé wá, gbogbo wọn ni bébà bo ẹ̀yìn wọn. Tèmi ṣì wà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àmì títẹ̀ yẹn ṣe ń rí lábẹ́ awò, kó kọ̀wé sí mi, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.