Àgọ́, Olùkọ́ Ilé, Tàbí Fídíò: Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Ti Kọ́ Ajá Yín?

Ẹni tó bá ra ajá ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ láti kọ́ ọ. Ó lè gbé e lọ sí àgọ́, kí ajá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè pe olùkọ́ wá sílé lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó sì lè fi fídíò orí fóònù kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Mo ti san owó àgọ́, mo ti san owó olùkọ́ ilé, àbúrò mi ní Ìperu sì fi fídíò tọ́ ọmọ ajá ìbílẹ̀ kan dàgbà níṣojú mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ náwó báyìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní í dá yín dúró lórí Boerboel àti Rottweiler, èwo ló lágbára jù; ẹni tó ta ajá fún yín ti sọ ìyẹn tó.

Ohùn ta ni ajá ń gbọ́?

Ibí yìí ni owó mi ti ṣòfò, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ajá Àlùṣéṣíàn wa lo gbogbo àsìkò tí wọ́n dá fún wa ní àgọ́ kan. Nígbà tí a lọ mú un, olùkọ́ ibẹ̀ mú un jáde sórí koríko. Ó ní “sit”, ajá jókòó. Ó ní “down”, ajá nà gbalaja. Ó yí i ká, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ìrù rẹ̀, ajá kò mira. A san owó tó kù tọpẹ́tọpẹ́. Nígbà tí a délé ní Molípà, mo dúró lẹ́nu géètì, mo pa àṣẹ kan náà. Ajá wò mí lójú, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì sáré tẹ̀lé ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì. Nígbà tí mo pe àgọ́, wọ́n ní kí n gbé e padà wá, kí n sì san owó tuntun.

Wọ́n kọ́ ajá yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í dá ọ̀rọ̀ kọ́ lásán. Ó máa ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó sọ ọ́, mọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni náà. Ajá tó mọ ìjókòó lórí koríko àgọ́ ṣì ní láti tún un kọ́ lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé yín, lẹ́nu géètì tó ṣí sílẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà ń kọjá, àti lẹ́nu ọmọ yín. Ìkejì yìí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. Àgọ́ tí kò bá rán ẹnikẹ́ni tẹ̀lé ajá wálé, iṣẹ́ tí wọn kò parí ni wọ́n gba owó rẹ̀.

Ọkùnrin ará Ṣàgámù tí a wá pè lẹ́yìn náà kò fọwọ́ kan ajá rárá nígbà tó kọ́kọ́ wá. Ó fà àga, ó jókòó, ó ní: “Mọ̀mí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ di okùn yẹn mú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló mọ̀, kí ni yóò ṣe lálẹ́ tí mo bá ti lọ?” Ó gé ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Ó ní kí n mú ọ̀kan sókè imú ajá, kí n máa gbé e lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ gba àárín etí rẹ̀ méjèèjì. Bí ajá ṣe ń gbójú tẹ̀lé ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí ìdí yẹn bá ṣe kanlẹ̀ báyìí, kí n ní “Ó káre”, kí ẹja sì bọ́ sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Tí ẹja bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ajá lè ti dìde, ìdìde yẹn ni yóò sì gbà pé a ń sanwó fún. Lẹ́yìn mi, ọmọ mi ṣe é. Lẹ́yìn ọmọ mi, màmá ọkọ mi ṣe é lórí àga tí wọ́n jókòó sí. “Jókòó” ni olùkọ́ ní kí gbogbo ilé máa wí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu gbogbo wa. Ìgbà tó tún padà wá, ẹnu géètì ló kó wa lọ.

Fídíò náà ní àǹfààní yìí, torí ohùn yín ni ajá ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ojú tó ń wo ọwọ́ yín. Àbúrò mi máa ń pe “wá, wá, wá, wá” kí ajá rẹ̀ tó yíjú, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé ajá ti kọ́ láti dúró de ìpè tó kẹ́yìn.

Ọ̀pá àti oúnjẹ

Nígbà tí Àlùṣéṣíàn yẹn dé láti àgọ́, mo mú ìgbálẹ̀ láti gbá ìdọ̀tí iwájú ilé. Ajá náà lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa etí rẹ́, ó sì tọ̀ síbi tó wà. Nígbà tí mo fọwọ́ la irun ọrùn rẹ̀, ojú ibi tí ṣéènì ti bó o ṣì pọ́n. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi mọ́ ohun tó mú un dúró láìmira lórí koríko ọjọ́ yẹn.

Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, ló fi hàn pé itọ́ ajá máa ń dà nígbà tó bá gbọ́ ohun tó ti mọ̀ pé oúnjẹ ń tẹ̀ lé. Ọgbọ́n kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ìrora. A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí wọ́n ń nà lẹ́yìn tí wọ́n bá pè é, ó gbọ́ fèrè dáadáa. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ṣe wá. AVSAB, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní gbangba ní 2021 pé ọ̀nà ẹ̀san rere nìkan ni kí a máa fi kọ́ ajá, títí kan ajá tó ń bínú. Wales ti fòfin de kọ́là oníná, èyí tó ń fi iná ta ajá lọ́rùn, láti 2010.

Olùkọ́ ilé náà lè jẹ́ onípàṣán o. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú yín ni yóò ti ṣe é, ẹ sì lè ní kó máa lọ. Ní àgọ́, ẹ kò sí níbẹ̀.

Ìbọn Ojúde Ọba

Ará Ìjẹ̀bú nìkan ni yóò béèrè bóyá ajá lè fara da ìbọn ọdún Ojúde Ọba, ó sì yẹ kó béèrè é. Ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin wá síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ìbọn máa ń dún gan-an. Ajá tó bá fòyà lè fo ògiri, kó má sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Oṣù méjì ṣáájú ọdún ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: ẹ fi fóònù gba ohùn ìbọn, ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ajá ń jẹun, kí ẹ sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Tí ajá bá ti dá oúnjẹ dúró, ohùn yẹn ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Olùkọ́ ilé àti fídíò lè ṣe èyí dáadáa. Àgọ́ tó wà nínú igbó kì í rántí rẹ̀.

Ìlera àti ọjọ́ orí

Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí jù láti gba ènìyàn, ariwo àti ẹranko mìíràn mọ́ra. Abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, kì í sì parí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ ajá ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù ni kò yẹ kó wà láàárín ogún ajá àjèjì. Ilé ni kó wà. Ẹ gbé e mọ́ra lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó gbọ́ jẹnẹrétọ̀, kó rí ẹni tó wọ híjáàbù àti ẹni tó dé akẹtẹ̀.

Àgọ́ tí kò bá béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín, kò béèrè ti àwọn yòókù náà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ọdọọdún ni kí ẹ sì máa tún un gbà. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Àìsàn yẹn kì í gbóògùn mọ́ tó bá ti fara hàn.

Ajá tó bá ti àgọ́ dé, ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti inú etí rẹ̀ wò fún eégbọn. Eégbọn ló ń kó babesia àti ehrlichia, àwọn àrùn inú ẹ̀jẹ̀, ran ajá. Ẹ ṣí ètè rẹ̀: tí èrìgì bá funfun, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi kóòkì, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la kí ẹ tó wá dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta tí ti àdúgbò bá kọjá agbára wọn.

Owó àti àkókò

Fídíò ló rọjú jù, dátà nìkan ni. Olùkọ́ ilé wà láàárín. Àgọ́ ló wọ́n jù, nítorí oúnjẹ ajá wà nínú rẹ̀. Ní ti àkókò, olùkọ́ ilé àti fídíò ń béèrè ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò bá ní ìyẹn kò ní àkókò fún ajá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi í ṣiṣẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn ń béèrè bóyá kí wọ́n ra ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ wo CPDT-KA, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ajá ti Amẹ́ríkà: ẹni tí kò bá tíì fi wákàtí 300 kọ́ ajá, wọn kò ní jẹ́ kó jókòó ìdánwò. Ẹ wá ọ̀gá tó ń lo oúnjẹ, kí ẹ máa bá a di okùn mú láti ilé dé ilé. Ẹ̀kọ́ orí fóònù lè tẹ̀ lé ìyẹn.

Èwo fún ta ni?

Àgọ́ dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, àti fún ajá ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ ọgbà. Ẹ̀kọ́ ìgbéjà kì í ṣe ohun tí a ń fi fídíò dán wò. Fídíò dára fún ọmọ ajá tí ìwà rẹ̀ tutù, lọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù. Gbogbo àwa yòókù tí a ní ọmọ, ìyá àgbà àti géètì tí wọ́n ń ṣí ṣáá, olùkọ́ ilé ni.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ pín owó sí mẹ́ta. Ẹ san ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kejì ní àárín. Ìdá kẹta di ìgbà tí ẹni tó kéré jù tó lè di okùn mú nínú ilé yín bá pe ajá lẹ́nu géètì tó ṣí sílẹ̀, tí ajá sì wá, tí olùkọ́ wà níbi tí ajá kò ti lè rí i. Tó bá jẹ́ àgọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán lẹ́yìn tí ajá bá dé, láìgba owó mìíràn. Tí wọ́n bá gbà, ẹ fi ajá sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e padà sínú ọkọ̀.